Ẹ̀wù Tó Ti Pápá Sójà Padà Wálé

Ara géètì ilé rẹ̀ ni Kàdíjátù ti bá ẹ̀wù funfun náà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi ṣítáàṣì lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ká a jọ bí aṣọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí. Ó tú u, ó wo àyà rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ni. Òun gan-an ni ọkọ rẹ̀ wọ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ tó kú, àwọn tó sì gbé òkú náà wálé kò bá nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀ yàtọ̀ sí síńgílẹ́ẹ̀tì.

Kí oòrùn tó mú, ẹ̀wù náà ti wà lórí tábìlì Munawwarah, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí Old Garage ní Òṣogbo. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ gáréèjì ń pe èrò Ìbàdàn, ẹnì kan ń bá ẹnì kan jà nítorí àyè iwájú ọkọ̀. Munawwarah dìde, ó ti fèrèsé. Òfin ló kà ní yunifásítì, ó sì ti dúró níwájú adájọ́ rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo, "a sún ẹjọ́ síwájú", ló lé e kúrò ní kóòtù. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ń ṣe báyìí, fún àwọn tí ọ̀rọ̀ rú lójú tí ìjọba kò sì ráyè fún.

"Ó dá ọ lójú pé òun ni?" ló bi Kàdíjátù. "Ẹ̀wù funfun pọ̀ nígboro."

"Ẹ wo bọ́tìnnì àyà yẹn, Àǹtí. Òwú funfun ti tán nílé lọ́jọ́ tó já, òwú aláwọ̀ ewé tí mo fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ni mo fi rán an. Ó bá mi jà. Ó ní ṣé kí àwọn èèyàn inú bàálù máa wo àyà òun bíi ti ọmọ ilé-ìwé ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Opó ló ṣì ń ṣe, kò tilẹ̀ yẹ kó kúrò nílé.

"Ta ló gbé e wá?"

"Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyá ọkọ mi ní ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e wálé. Àwọn ọlọ́kadà Òṣú náà ń sọ ọ́, pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tó ti kú, ó wọ ẹ̀wù yìí, ó sì ń lọ sọ́nà Iléṣà. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wàláì, Àǹtí, Ọlọ́run nìkan ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀."

Munawwarah kò gbà pé òkú ń lọ aṣọ. Síbẹ̀, nígbà tó fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù náà, ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ohun tí ará Òṣogbo mọ̀ nípa ikú Mukhtar Àkànó kò ju èyí lọ. Awakọ̀ òfurufú ni, bàálù kékeré tí Olóyè Ọlámijù ti Dàda Estate ní ló ń wà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bàálù ọ̀hún balẹ̀ láìgbàṣẹ sí pápá àwọn ológun tó wà lẹ́yìn Òṣú, pápá tí koríko ti bò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn sójà tó tún padà síbẹ̀. Kí àwọn sójà tó ti ẹnu géètì wọn sáré dé ìpẹ̀kun kejì, bàálù ti ṣófo. Wọ́n wọ inú oko kòkó tó wà létí pápá, wọ́n sì bá Mukhtar níbẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́, ó ń kú lọ lórí itan àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọ̀nàọlápọ̀. Iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà. Kíá ni àwọn ológun ti parí ẹjọ́: àgbẹ̀ yìí ló fi iná pe bàálù sílẹ̀ láti wá gbé wúrà tí wọ́n ń wà jí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìjà dé, ó sì pa awakọ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, wọn yóò gbé e lọ sí Àbújá.

Munawwarah mọ ohun tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn túmọ̀ sí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá wú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ti sọ odò di ẹrẹ̀ pupa, ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Àgbẹ̀ tó ń sun pàǹtí oko ni wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà wálé wá ròyìn.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo rí àgbẹ̀ náà nínú fídíò tí wọ́n ń pín kiri," ni Kàdíjátù wí. "Ẹ̀jẹ̀ Mukhtar wà ní gbogbo itan rẹ̀. Ta ni yóò fọ́ orí èèyàn tán tí yóò tún jókòó gbé orí náà lé itan? Òun ló gbẹ̀yìn di ọkọ mi mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

"Olóyè ń kọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀wù yìí?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn. Wọ́n ti ṣe tó. Àwọn ló ń rán oúnjẹ sí wa látọjọ́ yẹn. Wọ́n ní lóòótọ́ ni Mukhtar gbé bàálù àwọn jáde láìsọ fún àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ti dárí jì í. Bíi bàbá ni wọ́n jẹ́ sí i."

*

Ìsípẹ́kítọ̀ Sàkáríyà, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá Òṣú, jẹ́ ọmọ Òṣogbo bíi ti Munawwarah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì bá kàwé. Nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀.

"Lọ́yà, o pẹ́. Àwọn sójà ti fọwọ́ sí i. Àlejò lásán ni ọkùnrin yẹn lọ́dọ̀ mi títí di àárọ̀ ọ̀la."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kí àlejò yín."

"Ṣáà má lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá yẹn kò mọ̀wọ̀ rárá. Ọ̀gá àwọn sójà fúnra wọn dé ibí, ó na ìka sí wọn: 'Ìwọ, ọmọ mi dà?' Ìwọ. Sí ọ̀gá sójà. Ojú tì mí fún un."

Munawwarah rẹ́rìn-ín. "Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Láti iwájú ilé rẹ̀. Ó rí awakọ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó wọ inú kòkó, òun nìkan. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́, torí ọmọ ní àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n mú Ọ̀nàọlápọ̀ jáde. Ọkùnrin tó ki pọ́pọ́ ni, ètè rẹ̀ wú, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu itan rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mò ń sun pàǹtí ni," ló wí. "Mo gbọ́ tí bàálù ń wúkọ́ lókè, mo rò pé ó máa já lé mi lórí, mo sá pamọ́. Ìgbà tí mo jáde ni mo bá a, ó ṣì ń mí. Ó ní àwọn kan ti wọ ẹ̀wù òun lọ, kí n má jẹ́ kí wọ́n lọ."

"Àwọn wo?"

"Kò dárúkọ. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n pọ̀."

"Ẹ̀wù kan ṣoṣo," ni Sàkáríyà dá sí i. "Ṣé ńṣe ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé ni?"

Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nàọlápọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ wọn.

"Tí mo bá dijú," ló wí fún Munawwarah, "itan mi yìí á wúwo, bí ẹni pé ó ṣì gbé orí lé e. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde."

*

Waliyullah, ọlọ́kadà tí ìròyìn àkúdàáyà náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò gun ọ̀kadà mọ́. Ó ti fi tapólì bò ó lẹ́yìn ilé, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá lọ lójú títì fọn fèrè ọkọ̀ wọn, wọ́n kígbe pè é, "Ọlọ́kadà Ọ̀run, èrò pọ̀ o."

"Ẹ gbọ́ wọn?" ló wí fún Munawwarah. "Ohun tí mo dà nìyẹn."

"Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó jáde láti inú kòkó, ó fa fìlà bojú. Ẹ̀wù funfun tó fún mọ́ ọn lára, ìlà góòlù léjìká. Ó ní, 'Iléṣà.' Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi débẹ̀. Ọwọ́ tó fi di èjìká mi mú tutù bí omi àmù. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo yíjú, mi ò rí i mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé fọ́tò páílọ́ọ̀tì tó kú wá sórí fóònù, ẹ̀wù yẹn gan-an ló wọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí mọ́sáláṣí."

"Ojú rẹ̀ lo dá mọ̀ nínú fọ́tò, àbí ẹ̀wù rẹ̀?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà fa etí tapólì bo táyà ọ̀kadà. "Ẹ̀wù ni."

"Ṣòkòtò rẹ̀ ń kọ́?"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé òkú ni. Ẹ̀wù òyìnbó lókè, ṣòkòtò ìbílẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ọnà sí lẹ́sẹ̀. Alààyè wo ló ń múra báyẹn?"

Munawwarah kò rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò dúdú ti iṣẹ́ ni wọ́n bá nídìí Mukhtar. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn Waliyullah ní ṣòkòtò tirẹ̀, olówó iyebíye. Ẹ̀wù tirẹ̀ ni kò ṣeé rí lójú títì mọ́, ohun tó sì lè sọ aṣọ di bẹ́ẹ̀ létí oko yẹn lọ́jọ́ náà kò pọ̀.

"Alààyè lo gbé, Waliyullah. Òkú kò nílò ọ̀kadà."

Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ kún fún omi. Lẹ́yìn náà ló nawọ́, ó sì ṣí igun tapólì kan sókè.

Lójú ọ̀nà, Munawwarah rò ó. Tí awakọ̀ nìkan bá sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ń dúró dè é lórí ilẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa wúrà. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ ṣòkòtò ọlọ́nà lọ sí kòtò wúrà? Ọ̀rọ̀ náà kò jókòó. Oòrùn sì ti ń yí.

*

Láti ìta ilé ìyá Ọ̀nàọlápọ̀, gbogbo pápá náà ló wà lójú kedere. Bàálù kékeré náà ṣì wà níbi tó dúró sí, imú rẹ̀ nínú koríko, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti ilẹ̀kùn náà síwá sẹ́yìn bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Sójà kan dúró tì í, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò fẹ́ máa wò ó.

Yèyé ni gbogbo abúlé ń pe ìyá náà. Èdè Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ nípọn, ó sì ń gbìyànjú láti sọ ọ́ di ti Ọ̀yọ́ fún àlejò.

"Ìwọ lo máa mú ọmọ mi wá sí ulé?"

"Mò ń gbìyànjú ẹ̀, mà."

"Jókòó sábẹ́ ugi yẹn. Ibẹ̀ ni ọba jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá yìí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, èmi ni mo bu omi fún un, ó mu ún tán. Bàbá ulé yìí wà láyé nígbà náà. Ó ní pápá yẹn kò ní ṣe wá lóore. Ó rí i ṣáájú."

Nínú ọkàn rẹ̀, Munawwarah ń tún gbólóhùn náà ṣe bó ti ń gbọ́ ọ: ọba jókòó, wọ́n mu omi, bàbá, wọ́n rí i ṣáájú. Bí òun bá pe ọba ní "ó" níwájú ìyá tirẹ̀ ní Òṣogbo, ìfọ́tí ni.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ń kọ́, mà?"

"Ibi tí mo wà yìí ni mo jókòó sí. Bàálù ń bọ̀, ó ń wúkọ́, ó balẹ̀. Wọ́n jáde. Nǹkan funfun kan ń fì lókè bíi lékeléke. Lẹ́yìn náà mi ò rí lékeléke yẹn mọ́. Wọ́n wọ inú ugbó."

"Ẹ rójú wọn?"

"Mo rí wọn, mi ò rójú wọn. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Ohun tí Sàkáríyà ti sọ náà ni. Munawwarah dúpẹ́, ó dìde, ó sì ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn bàálù tún lu ara rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, ó sì dúró láìmọ ìdí tó fi dúró.

Ọba jókòó: ó. Bàbá tó kú: ó. Ọ̀gá àwọn sójà, pẹ̀lú gbogbo irin tó wà láyà rẹ̀: ìwọ. Kí ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ṣe tó fi di "wọ́n" lẹ́nu ìyá yìí?

Ó sáré padà.

"Yèyé, àwọn tó jáde yẹn, ẹni mélòó ni?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́n tó ọjọ́ orí rẹ̀. "Méjì ni. Ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan fẹ̀. Mo ní 'wọ́n'. Ẹnì kan ha lè jẹ́ wọ́n bí?"

"Ẹ sọ fún ọlọ́pàá?"

"Bí mo ṣe sọ fún ọ ni mo sọ fún un. Ó ní òun ti gbọ́."

*

"Má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi," ni Munawwarah wí fún Ọ̀nàọlápọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. "Sọ ọ́ bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an."

Àgbẹ̀ náà dijú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́. Ohùn Òṣogbo ni, ohùn ẹlòmíràn, ó sì jọ pé ó dun àwọn tó wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

"'Ẹ̀wù mi ni wọ́n wọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Munawwarah wí, "ọmọ Òṣogbo ni yín. Tí ọmọ Òṣogbo bá ní 'wọ́n wọ ẹ̀wù mi', tí ẹ̀wù sì jẹ́ ẹyọ kan, èèyàn mélòó ló wọ̀ ọ́?"

Sàkáríyà fi kálámù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹnì kan," ló wí níkẹyìn. "Àgbà kan."

"Ìyá ní 'wọ́n', Ìjẹ̀ṣà kì í sì fi 'wọ́n' pe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin gbọ́ ọ bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ẹ̀yin náà sì lẹ ní kò mọ̀wọ̀. Méjì ló rí. Mukhtar ní 'wọ́n'. Àgbẹ̀ gbọ́ ọ bí ogunlọ́gọ̀. Ẹnì kan ló ní lọ́kàn, ẹni tó jù ú lọ, ẹni tí kò lè pè ní 'ó' kódà nígbà tó ń kú lọ." Ó gbé ẹ̀wù náà lé káńtà. "Ìyá rí nǹkan funfun tó ń fì bíi lékeléke. Ẹ̀wù yìí ni. Ẹ́ńjìnnì ń kú lọ lókè, Mukhtar rí pápá, ó balẹ̀. Ó mọ̀ pé ti sójà ni, ó mọ̀ pé òun ò gbàṣẹ, ló bá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fì í sí wọn kí wọ́n má baà yìnbọn. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò fẹ́ kí sójà wá. Ó fà á wọ inú kòkó, ó sì lù ú látẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ tirẹ̀, ó sì wọ èyí tó mọ́. Ta ni Mukhtar ń pè ní 'wọ́n' nínú bàálù yẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Olóyè wà nílé wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ fún mi fúnra wọn."

"Wọ́n sọ fún yín," ni Munawwarah wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Ojú Sàkáríyà yí padà. "Kò sí adájọ́ tó máa gba 'wọ́n' gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, Lọ́yà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa èèyàn, tí kò lè sun ẹ̀wù rẹ̀ níná, tí kò lè jù ú sódò, tó fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, tó lọ fi há géètì opó, ohun kan ń ṣe é nínú ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Ó fa okùn góòlù méjèèjì kúrò léjìká ẹ̀wù náà, ó fi wọ́n sápò. Ẹ̀wù funfun lásán ló kù.

*

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run ní Dàda Estate, ṣùgbọ́n gbogbo gílóòbù ilé Olóyè Ọlámijù ló ń tàn, ti inú ilé àti ti ìta. Olóyè fẹ̀ lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rọ̀. Iléṣà ni ìdílé wọn ti ń ta aṣọ kí òun tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ó ti rù. Bùbá rẹ̀ ṣe fẹgẹfẹgẹ lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ṣé wọ́n ti gbé ọkùnrin yẹn lọ?"

"Ọ̀la ni, sà," ni Sàkáríyà dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù, Olóyè," ni Munawwarah wí. "Ìyá àgbẹ̀ náà, ará Ìjẹ̀ṣà bíi tiyín, ó ní bàálù balẹ̀, wọ́n sì jáde."

"Irọ́ ni. Ẹnì kan ló jáde."

"Ìsípẹ́kítọ̀ náà gbọ́ ọ bí ẹnì kan, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ méjì."

Olóyè rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọdébìnrin, gírámà lẹ wá kọ́ mi?"

Munawwarah sún mọ́ tábìlì. Ó tú ọ̀rá dúdú, ó yọ ẹ̀wù náà, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì gíláàsì, apá rẹ̀ méjèèjì nínà, bí ẹni tó dùbúlẹ̀. Bọ́tìnnì àyà rẹ̀, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ ewé, kọjú sókè.

Olóyè ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

"Ẹ gbé ẹ̀wù òkú yẹn kúrò nílé mi."

Ẹ̀rọ amúlétutù ń dún lára ògiri. Sàkáríyà gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Òkú wo, sà?"

Olóyè kò gbọ́ ọ. Ẹ̀wù náà ló ń bá sọ̀rọ̀, èdè Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ àtijọ́ sì ti padà sẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Mo ti gbé e padà sí ulé rẹ. Mo fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lọ̀ ọ́. Kí lo tún ń wá níbí? Mo ní kí o má pè wọ́n. Wúrà wà nínú báàgì mi, mo ní kí o má pè wọ́n, o sì ń fì í, o ń fì í."

Sàkáríyà dìde. Kò pè é ní sà mọ́.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ àwọn sójà dé bí wọ́n ti ṣèlérí. Ọ̀gá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ Sàkáríyà tán, ó wo Ọ̀nàọlápọ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ padà lófìfo. Kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ètè tó wú. Munawwarah fi ìyẹn sọ́kàn. Ó ní ìwé tí yóò kọ.

Yèyé di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu itan ọmọ náà, níbi tí kò ti sí ohunkóhun mọ́.

Kàdíjátù dúró lẹ́bàá káńtà pẹ̀lú ẹ̀wù náà láyà. "Àǹtí," ló wí, "kí ni Mukhtar sọ gbẹ̀yìn?"

Munawwarah wo Ọ̀nàọlápọ̀. Ọ̀nàọlápọ̀ dijú, ó sì sọ ọ́ fún opó náà gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

"Wọ́n," ni Kàdíjátù tún un wí. "Ó pè é ní wọ́n."

Ìgbà náà ni wọ́n mú Olóyè Ọlámijù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó rí i, ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè pọ̀ bí ẹni fẹ́ gbàdúrà fún un. "Kàdíjátù, ọmọ mi, iṣẹ́ ẹ̀mí àìmọ́ ni."

Kàdíjátù kò kúnlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó fi mọ ọkùnrin náà, kò tíì dúró tààrà níwájú rẹ̀ rí.

"Ìwọ," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà rọra jáde, gbogbo inú àgọ́ ọlọ́pàá sì gbọ́ ọ. Ìsípẹ́kítọ̀ Sàkáríyà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó gbé orí wálẹ̀, kò sì tún un ṣe.